Ìwé Ìlànà Texas Kò Lè Ṣiṣẹ́ ní Maryland: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Ìsinmi Àìsàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ilé iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà yín ní Houston fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí Maryland, ẹ sì béèrè bóyá ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ tí ẹ ń lò ní Texas lè tó fún ti ibẹ̀. Kò lè tó, pàápàá ojú ewé ìsinmi àìsàn. Owó ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Nígbà tí mo dá ilé iṣẹ́ tèmi sílẹ̀ ní Maryland, ìwé ọ̀rẹ́ mi kan ní Texas ni mo dà kọ, orúkọ nìkan ni mo yí padà. Texas kò ní òfin ìpínlẹ̀ tó sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ aládàáni láti sanwó ìsinmi àìsàn, nítorí náà ìwé ọ̀hún sọ pé ẹni tí kò bá mú ìwé dókítà wá kò ní gbowó ọjọ́ tí kò wá. N kò mọ̀ pé láti ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2018 ni òfin Maryland ti ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa fún wọn ní wákàtí ìsinmi kan tó lówó nínú fún gbogbo 30 wákàtí tí wọ́n bá ṣiṣẹ́, títí dé 40 wákàtí lọ́dún, àti pé a kì í sábà lè béèrè ẹ̀rí bí òṣìṣẹ́ kò bá tíì pa ju ṣíìfù méjì tó tẹ̀léra jẹ.

Obìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, mo yọ owó ọjọ́ náà, ó sì fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́. Mo wí àwíjàre pé a kò tó 15, nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún nìkan ni mo kà, wọ́n jẹ́ 11. Àṣé òfin ń ka gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, a sì jẹ́ 19. Àkọsílẹ̀ ló wá dá mi lágara jù. Ti ọdún mẹ́ta ló yẹ kó wà nílẹ̀, agbanisíṣẹ́ tí kò bá sì ní in, wọn á gbà pé ó rú òfin àyàfi tó bá rí ẹ̀rí mìíràn mú wá. Mo san owó obìnrin náà, mo san ti àwọn mìíràn tí mo ti yọ owó wọn, mo tún san ti lọ́yà.

Ní báyìí, ìwé ìlànà wa kò dárúkọ iye wákàtí kankan. Ó kàn sọ pé òfin ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ ni a óò tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ibi tí ọ́fíìsì wà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ewé àfikún tirẹ̀ lẹ́yìn ìwé náà, tó ní déètì lórí. Nínú Maryland gan-an, Montgomery County ní òfin tirẹ̀ tó lè dé 56 wákàtí fún agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà ní Silver Spring, tó wà nínú Montgomery, kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó wà ní Baltimore. Ẹ wo Missouri náà: ará ìlú dìbò fún òfin ìsinmi àìsàn ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn aṣòfin sì fagi lé e, tó fi di ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, kò sí mọ́. Ta ló fẹ́ máa tún odindi ìwé tẹ̀ nítorí irú èyí?

Oṣù kìíní àti oṣù keje ni mo máa ń yẹ àfikún wò, torí àsìkò náà ni ọ̀pọ̀ àyípadà ń wọlé. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024 ni California sọ 24 wákàtí ìsinmi àìsàn lọ́dún di 40. Bí mo bá ti yí àfikún padà, ọjọ́ yẹn náà ni mo ń yí sọ́fítíwià tó ń ṣírò owó òṣìṣẹ́ padà, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí tí ìwé sọ òtítọ́, tí kọ̀ǹpútà ṣì ń fi òfin àná yọ owó ènìyàn. Ẹ má sì sọ àfikún àtijọ́ nù: bí ẹnì kan bá pe ẹjọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìlànà tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni wọn óò béèrè lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ibi tí òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ sí.