Oògùn kan náà, àmọ́ èmi nìkan ló dá dùbúlẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan kan ń sú sí mi lára, dókítà wá kọ Dapsone fún mi, ọ̀rẹ́ mi lo oògùn yìí náà lọ́dún tó kọjá, nǹkankan ò ṣe é. Èmi lò ó fọ́jọ́ mẹ́ta péré, ìtọ̀ mi dúdú bíi Kóòkì, ẹyinjú mi yẹ́lò, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa tán kí n má jókòó. Wọ́n dá mi dúró ní ọsibítù, ara ti ń yá báyìí. Ìyá mi ní fééèkì loògùn yẹn, àwọn ẹbí bàbá mi ní ọwọ́ ayé ni. Èwo ni kí n gbà?
B., Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ewu o, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́ má bá ẹnikẹ́ni jà nílé. Oògùn yẹn lè jẹ́ ojúlówó gan-an, nǹkan tó o sọ yìí jọ G6PD tí ò tó lára. Ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀jẹ̀ ni G6PD, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa wa, tí ti èèyàn ò bá wá tó, tí Dapsone tàbí Primaquine (oògùn ibà ni) wọlé, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, òun ló ń sọ ìtọ̀ dà bíi Kóòkì yẹn. 1956 ni wọ́n rí ìdí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lára àwọn èèyàn dúdú tí Primaquine ń ṣe báyẹn. Kódà oògùn ibà kan wà, Lapdap, tí Dapsone wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí náà ni wọ́n fi kó o kúrò lọ́jà ní 2008.

Ọ̀dọ̀ ìyá lọmọkùnrin ti ń jogún àìtó G6PD yìí, àmọ́ má sọ ọ́ fún màmá bí ẹni ń dá wọn lẹ́bi o, obìnrin lè gbé e kiri kó má mọ̀ rárá. Ìwọ náà tó o jẹ́ ọkùnrin, tó bá jẹ́ òun lóòótọ́, gbogbo ọmọbìnrin tó o bá bí ló máa gbà á lára rẹ, àwọn ọkùnrin ò ní gbà á lọ́dọ̀ rẹ.

Padà sọ́dọ̀ dókítà, ní kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì G6PD fún ẹ, àmọ́ kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó ló fọ́ tán, tuntun tó kù ṣì ní G6PD díẹ̀ lára, tẹ́ẹ̀sì lè wá sọ pé kò sí wàhálà. Jẹ́ kó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, pàápàá tí wọ́n bá fà ẹ̀jẹ̀ sí ẹ lára. Kó tó dìgbà yẹn, kó o tó ra oògùn kankan ní kẹ́mísítì, kọ́kọ́ sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ fún wọn, káńfọ̀ tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ náà lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó gbogbo ẹ̀ kúrò nílé.

Gbogbo wa la mọ jẹ́nótáìpù wa torí ìgbéyàwó, mélòó nínú wa ló mọ G6PD ẹ̀? Tí èsì bá jáde, kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì jẹ́nótáìpù rẹ yẹn.