Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì: ẹ kọ́kọ́ wọn igun fúlóòtù yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa: bàálù ìjókòó méjì tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ń fò geere nígbà tó wà lórí táyà, àmọ́ látìgbà tí ẹ ti gbé e ka orí fúlóòtù, ìyẹn ohun méjì tó rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń mú bàálù léfòó, eré lásán ló ń sá lórí omi, kò gbéra. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju èyí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di owó yín mú ná. Mo ti na irú owó bẹ́ẹ̀ rí.

Minnesota ni mò ń gbé, níbi tí adágún ti pọ̀ bí ẹni pé wọ́n dà á sílẹ̀. Bàálù tèmi náà, òkè ni ìyẹ́ rẹ̀ wà, irin àti aṣọ ni ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Rotax 912 alágbára ẹṣin 100 ló ń gbé e. Mo ra fúlóòtù àlòkù lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó tú u kúrò lábẹ́ irú bàálù mìíràn. Mo ṣe ìṣirò ẹrù: fúlóòtù méjèèjì gbọ́dọ̀ lè gbé gbogbo ìwúwo bàálù, kí agbára wọn tún fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kìlógíráàmù 560 ni tèmi tó bá kún, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ dín ní 1,008. Wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn mi balẹ̀. Mo wá so wọ́n mọ́ ọn bó ṣe dùn ún wò: òkè fúlóòtù àti ilẹ̀ inú bàálù tẹ́ rẹrẹ, kò sí èyí tó dagẹ̀rẹ̀ ju èkejì lọ. Aṣọ ẹbí ni èèyàn ń fi ojú lásán yàn o, kì í ṣe igun fúlóòtù.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ sómi, mo ti gáàsì dé òpin. Imú gbé sókè, omi ń ru gùdù, nígbà tó yá ó tẹ́ sílẹ̀, ó bọ́ sórí step. Step ni ibi tí ìsàlẹ̀ fúlóòtù ti gé bí àtẹ̀gùn ilé. Tí eré bá ti pọ̀, itòsí ibẹ̀ nìkan ló ń kan omi. Máìlì 35, 38, 40 ní wákàtí. Mo fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra díẹ̀ kí ìyẹ́ lè mú afẹ́fẹ́. Bí mo ṣe fà á báyìí, àfi bí ẹni pé ẹnìkan di ìrù wa mú lábẹ́ omi: eré já sí 33. Mo tú u sílẹ̀, eré padà dé. Mo tún fà á, ó tún já. Ijó yìí la ń jó títí igi etí adágún fi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lójú mi, mo sì pa gáàsì.

Mo ní ẹ́ńjìnnì ni. Mo ra purọpẹ́là tuntun, ìyẹn abẹ tó ń yí tó ń fa bàálù lọ, owó tó lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Lóòótọ́, kíá ló ń dé orí step, ṣùgbọ́n tó bá débẹ̀ tán, ijó àná náà ni. Ó wá fò lọ́jọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan lu wá níwájú, mo pariwo ayọ̀, mo tẹ ìyàwó mi láago. Afẹ́fẹ́ ló bá mi bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀.

Bàbá mẹkáníìkì kan tó ti pẹ́ nídìí fúlóòtù ló bi mí pé, “Nígbà tó wà lórí step, kí ni igun tó wà láàárín ìyẹ́ rẹ àti omi?” Mo dákẹ́. Ó ní kí ọmọ mi dúró sétí adágún, kó fi fóònù ká a sílẹ̀. Inú fídíò yẹn ni mo ti rí i: bí mo bá ti fa ọ̀pá, ìdí fúlóòtù á rì, omi funfun á sì tú jáde lẹ́yìn. Ìyẹ́ mi kò ní igun tó lórí fúlóòtù. Kí ìyẹ́ tó lè rí èyí tó ń fẹ́, àfi kí n da gbogbo bàálù sẹ́yìn, ìdí fúlóòtù á sì máa wọ́ nínú omi. Tí igun yìí bá wá pọ̀ jù, wàhálà mìíràn nìyẹn: bàálù á já kúrò lórí omi kí eré rẹ̀ tó tó, á máa gbọ̀n lófurufú bí ẹni tó fẹ́ já bọ́, tó bá sì ti gòkè, imú fúlóòtù á tẹ̀ sísàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, á máa ti afẹ́fẹ́ kiri, á máa jẹ epo.

Ibi tí ẹ ó ti wọn igun náà ṣe pàtàkì, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Kì í ṣe ilẹ̀ bàálù, kì í sì í ṣe òkè fúlóòtù. Lára ìyẹ́, ẹ wọn láti etí iwájú rẹ̀ dé etí ẹ̀yìn, nítòsí ara bàálù, nítorí ọ̀pọ̀ ìyẹ́ ló lọ́ díẹ̀ bó ṣe ń lọ síta. Lára fúlóòtù, egungun ìsàlẹ̀ tó tọ́ gbọọrọ níwájú step ni. Lára tèmi, dìgírì kan àbọ̀ ló wà láàárín egungun yẹn àti òkè tí mo fojú tẹ́! Lẹ́fẹ́lì oníbátìrì kan náà ni kí ẹ lò síbi méjèèjì, kí ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Bàálù ìbáà má tẹ́, kò kàn án.

Igun tèmi láàárín ìyẹ́ àti egungun yẹn, dìgírì 1.5 ni. A gbé e dé 4.5. Ẹ má kọ 4.5 yẹn sílẹ̀ fún tiyín o, ìyẹ́ yín lè má rí bíi tèmi, fúlóòtù yín náà.

Láti ẹsẹ̀ iwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn irin tó so bàálù mọ́ fúlóòtù mi, jẹ́ mítà 1.2, nítorí náà láti gbé imú sókè ní dìgírì kan, ẹsẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ gùn sí i ní mílímítà 21, mẹ́ta sì jẹ́ 63. A rọ ẹsẹ̀ iwájú tuntun. A ò to wáṣà léra bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Mo padà sómi tayọ̀tayọ̀. Ó bọ́ sórí step, imú lọ sókè, ó lọ sílẹ̀, ó tún lọ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń tọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ní ìgbà kẹta mo pa gáàsì, mo fa ọ̀pá mọ́ àyà, mo sì ń pe orúkọ ìyá mi.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ojú ìwọ̀n bàálù, ìyẹn ibi tí ẹ bá fi okùn kan gbé e tí kò ní tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, fi mítà 1.1 ga ju ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti kan fúlóòtù lọ. Nígbà tí a gbé imú sókè ní dìgírì mẹ́ta, ojú ìwọ̀n náà fà sẹ́yìn ní nǹkan bíi mílímítà 58. Step mi tó wà ní mílímítà 75 lẹ́yìn rẹ̀ wá ku 17 péré. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì rí ní Ẹ̀pẹ́, tí gbogbo èrò rọ́ sẹ́yìn, ti mọ bí imú rẹ̀ ṣe máa ń rí. Bí ẹ bá yí igun padà, ẹ ti yí ipò step padà nìyẹn, bí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

A ní láti sún fúlóòtù fúnra wọn sẹ́yìn. Kìlógíráàmù 70 ni wọ́n, tí wọ́n bá sì sún, ojú ìwọ̀n á tẹ̀ lé wọn díẹ̀. A sún wọn ní mílímítà 66, ojú ìwọ̀n tẹ̀ lé e ní bíi 8, ó ku 58 tí mò ń wá. Mo tún gbé bàálù ka orí òṣùwọ̀n látòkè délẹ̀ kí n tó gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbéra bí ẹyẹ lékèélékèé.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ fa omi inú gbogbo yàrá fúlóòtù dànù. Lítà kan jẹ́ kìlógíráàmù kan, ẹ sì lè máa gbé 15 kiri láìmọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ dán an wò, láìgbé èrò, lọ́jọ́ tí omi ní ìgbì kékeré; omi tó dákẹ́ bíi dígí máa ń fa fúlóòtù mọ́ra, ó sì lè tàn yín jẹ.

Ti ìwé àṣẹ: bàálù àfọwọ́kọ́ ni tiwa, a lè fọwọ́ kàn án, àmọ́ ìwé àṣẹ tèmi ní kí n padà sí ìpele ìdánwò fún ó kéré tán wákàtí márùn-ún, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé bàálù. Bó bá jẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ kọ́ ni, igun rẹ̀ wà nínú àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ẹ fi nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: igun láàárín ìyẹ́ àti egungun fúlóòtù, bí step ṣe jìn sí ojú ìwọ̀n tó, àti fídíò láti etí omi. Purọpẹ́là àtijọ́ mi ni mo dá padà, mo kàn yí igun abẹ rẹ̀ díẹ̀. Tuntun yẹn wà lórí ìṣó ní gáréèjì. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ náwó dandan, ẹ wá rà á.