Ìwúkàrà pọ̀ bí ògì, purotéènì dà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo gbé jíìnì purotéènì kan tó máa ń wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì sínú ìwúkàrà Pichia pastoris, mo sì so GFP, purotéènì tó ń tàn ní àwọ̀ ewé, mọ́ ọn nídìí. Ìwúkàrà náà ki bí ògì, ó sì ń tàn ní àwọ̀ ewé tí mo bá ti fún un ní methanol. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọ́ ọ tán, díẹ̀ tíńńtín ló ń kù nínú awọ. Níbo ló ń gbà lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀ ń dà nù. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ centrifuge bá ti yí i ní bíi 5,000 g (ìlọ́po 5,000 agbára tó ń fà wá sílẹ̀), ẹ gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù. Tó bá ń tàn yòò, ẹ ò tíì fọ́ sẹ́ẹ̀lì yín nìyẹn. (Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi da tèmi nù kó tó yé mi.) Ògiri Pichia yi. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì 0.5 mm gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ gbé e sórí yìnyín, ẹ tún gbọ̀n ọ́n, bíi ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ wá kán díẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù: tí sẹ́ẹ̀lì róbótó-róbótó bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, ẹ máa gbọ̀n ọ́n lọ.

Tí wọ́n bá ti fọ́, omi orí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ tún yí. Lẹ́yìn wákàtí kan ní 100,000 g, inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló yẹ kí awọ wà. Tó bá jẹ́ omi orí rẹ̀, bí omidùn, ló ń tàn, GFP nìkan ló kù; purotéènì yín ti já kúrò lára rẹ̀. Ẹ sáré e lórí jẹ́ẹ̀lì, tó ń ya purotéènì sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe wúwo tó: GFP tó dá wà máa ń dúró níbi 27 kDa.

Ìkánjú ló sábà ń fa ìyẹn. Methanol ń ṣí AOX1, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń tan jíìnì yín, gbàgà, ní 30°C sẹ́ẹ̀lì kì í rójú to purotéènì sínú awọ, á wá gé e wẹ́wẹ́. Ẹ sọ ooru kalẹ̀ sí 20 tàbí 22°C, kí methanol jẹ́ 0.5% ní wákàtí 24 kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ti fọ glycerol kúrò pátápátá, nítorí AOX1 kì í ṣí níbi tí glycerol bá wà. Ẹ má rọ omi kún ìgò. Ìwúkàrà tó ń jẹ methanol ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Tí gígé náà ò bá dáwọ́ dúró, ẹ gbìyànjú irú Pichia tó ń jẹ́ SMD1163, tí wọ́n ti dín ohun tó ń gé purotéènì kù nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lókun tó irú X-33.

Ẹ má sì tíì sá lọ sọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀lì kòkòrò olówó gọbọi. Kv1.2 ti eku, purotéènì inú awọ tó ń jẹ́ kí potassium kọjá, tí àwọn ènìyàn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Roderick MacKinnon ya àwòrán rẹ̀ ní 2005, inú Pichia yìí náà ni wọ́n ti rí i.