Èsì: Ọmọ àbúrò mi ń tọ̀ọ̀lé látìgbà tí kánsù ti kó wọn sí hòtẹ́ẹ̀lì ní London

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà o. Ọmọ ọdún méje tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ọ̀lé lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn kúrò nílé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án, ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí àbúrò yín lọ bá tíṣà ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kó sọ fún un pé inú hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sùn, torí iléèwé nìkan ló kù tí ò tíì yí padà fún ọmọ yẹn, tí ọ̀nà ò bá jìn jù kí wọ́n má tètè pààrọ̀ ẹ̀. Kó rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò wọn, fún ara tiẹ̀ náà o, ìyá tí ò sùn lóru, báwo ló ṣe fẹ́ rẹ ọmọ lẹ́kún? Ti kánsù wá nìyí: ní England, òfin ò gbà kí wọ́n fi ìdílé tó lọ́mọ sí B&B (ilé àlejò tí wọ́n ti ń háyà yàrá) ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, hòtẹ́ẹ̀lì náà sì wà níbẹ̀, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ kó kọ̀wé sí wọn, kó pe Shelter, àjọ aláàánú tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ará wa á ní kó gbààwẹ̀, àdúrà dáa, àmọ́ kó máa kó àwọn ọmọ lọ sí páàkì tàbí láíbìrì lẹ́yìn iléèwé, yàrá kan yẹn ti há jù fún wọn.