Kí ni bàtà gbígbó ń wá lórí igi ìdáná?

Ọmọ wa kan tó ń gbé ní Kútọnu ló béèrè pé: “Ẹ̀yin àgbà, ní ọ̀nà tó lọ láti Kétu sí Ìlárá, mo rí òkìtì igi ìdáná létí títì, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n so bàtà gbígbó kan àti ìgbálẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi ní oògùn ni, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á kú. Ṣé òótọ́ ni?”

Ọmọ mi, o ṣeun. Ààlè lo rí yẹn, àmì tí olóhun ń so mọ́ nǹkan rẹ̀ kí ẹlòmíì má bàa mú un. Àwọn kan máa ń fi oògùn tàbí èpè sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mo mọ̀ ní oko wa ní Kétu, ohun tójú rí náà ni. Kò dìgbà tí olóko bá lọ bá babaláwo kó tó so ó.

Wo àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣe é: bàtà tó ti jẹ, ìgbálẹ̀ tó ti kúrú, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, àkísà pupa. Gbogbo wọn ló ti wúlò rí, kí wọ́n tó di ohun àsọnù. Olóhun ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé, bí o bá mú nǹkan mi, bí o ó ṣe rí lójú ìlú nìyí. Ìgbálẹ̀ tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: a ó gbá ọ dànù.

Ìdí tí wọ́n fi ń so ó síbi tójú á ti kọ́kọ́ bà á ni mo fẹ́ kó o mọ̀. Ojúkòkòrò ni baba olè. Ojú á ti jí i kí ọwọ́ tó nà. Tí a bá sì ní ìdẹwò, “dẹ” inú rẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń dẹ pàkúté. Igi tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ti di pàkúté létí ọ̀nà, bí olówó rẹ̀ ò tiẹ̀ gbèrò bẹ́ẹ̀.

Ògbójú olè ò ní ka ààlè sí. Á tú bàtà dànù, á di igi rẹ̀. Èmi àti ìwọ ni wọ́n so ó fún. Ìyá kan ń bọ̀ láti oko, òjò ti pa igi ilé rẹ̀, ebi ń pa àwọn ọmọ. Ẹyọ igi méjì péré, ta ni yóò mọ̀? Ibẹ̀ ni ààlè ti ń bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ikú ni ìyá yẹn máa kọ́kọ́ bẹ̀rù, ìtìjú ni. Ìlú tí Ẹ̀fẹ̀, olórin inú agọ̀, ti ń jáde lóru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìlú wa, níbi tí wọ́n ti ń fi ìwà èèyàn kọrin lójú ọjà. Lọ́dún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ni ẹni tó jí ẹ̀wà ẹlẹ́wà ti ń sá fún orin rẹ̀.

Ọmọdé ńkọ́? Mo kéré gan-an nígbà tí mo ṣa ọsàn lábẹ́ igi tí wọ́n so ìkarahun ìgbín mọ́. Ìyá mi àgbà mú mi lọ sọ́dọ̀ olówó igi, àwa méjèèjì kúnlẹ̀. Bàbá náà bi mí bóyá mo rí ìkarahun. Mo ní mo rí i, mo rò pé ẹnì kan gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọsàn kún èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó wá ṣàlàyé ààlè fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí a ń darí bọ̀, ìyá mi àgbà ní: “O ti wá mọ̀ báyìí o.” Mo tún gba abẹ́ igi yẹn kọjá lọ́jọ́ kejì. Ọsàn pọ̀ nílẹ̀, n kò lè bẹ̀rẹ̀ mú ẹyọ kan.