Fọ́tò mi wúwo, nẹ́tíwọ̀kì ò sì yá: báwo ni mo ṣe máa dín in kù tí ò fi ní bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nẹ́tíwọ̀kì tí mò ń lò ò yá rárá. Tí mo bá fẹ́ gbé fọ́tò tí mo fi fóònù yà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á kàn máa yí ṣáá ni, á fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, á wá já, màá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n dín fọ́tò náà kù, mo dín in kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe ló rí wúruwùru. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Kò sóhun tó ń tánni ní sùúrù bíi kí nǹkan ku díẹ̀ kó lọ kó wá já. Àmọ́ fọ́tò yín lè fúyẹ́ kó sì mọ́ kedere, ó kàn jẹ́ pé ibi tí ò yẹ lẹ ti kọ́kọ́ dín in kù.

Nǹkan méjì ló ń mú fọ́tò wúwo: iye piksẹ́lì tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn àwọn tóótòòtó àwọ̀ tó para pọ̀ di fọ́tò, àti bí wọ́n ṣe tẹ fáìlì yẹn mọ́ra tó kó lè kéré, èyí tí áàpù máa ń pè ní quality. Ọ̀pọ̀ èèyàn, quality ni wọ́n máa ń sáré fà wálẹ̀, wọ́n á fà á dé 30, gbogbo piksẹ́lì ṣì wà níbẹ̀ digbí, ojú èèyàn á wá di onígun-onígun, etí lẹ́tà á dà bí ìgbà tí ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, piksẹ́lì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín kù.

Ẹ wò ó báyìí. Kámẹ́rà 12 megapixel (ìyẹn mílíọ̀nù piksẹ́lì 12), fọ́tò ẹ̀ á fẹ̀ tó piksẹ́lì 4000, á ga tó 3000, ó sì lè wúwo tó 4 MB. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú laptop tó pọ̀ ò fẹ̀ ju 1366 tàbí 1920 lọ, ta ló wá fẹ́ rí ìyókù? Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 1600 sí 1200, tẹ́ ẹ wá fi quality sí bíi 80, ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bíi 300 sí 400 KB. Lórí nẹ́tíwọ̀kì tó ń gbé 256 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan (kilobit mẹ́jọ ló ń jẹ́ KB kan), 4 MB á lé ní ìṣẹ́jú méjì kó tó lọ tán, ìyẹn tí ò bá já o, àmọ́ 300 KB ò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ.

Tó bá jẹ́ Windows lẹ̀ ń lò, ẹ ṣí fọ́tò náà nínú Paint, ẹ tẹ Resize, ẹ mú Pixels, ẹ kọ 1600 síbi fífẹ̀, ẹ má yọ àmì Maintain aspect ratio o, torí òun ni ò ní jẹ́ kí ojú èèyàn fẹ̀ tàbí kó gùn gbọọrọ. Paint ò ní bi yín ní quality, kò sì burú, 1600 yẹn ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Lórí Mac, Preview ni, ẹ lọ sí Tools, kẹ́ ẹ mú Adjust Size. Lórí fóònù, mo fẹ́ràn Squoosh, sáìtì kan tó ń báni dín fọ́tò kù: inú bráwúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, fọ́tò yín ò sì ní kúrò lórí fóònù. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ sáìtì tó ń báni dín fọ́tò kù, ẹ máa kọ́kọ́ gbé odindi 4 MB yẹn lọ bá wọn ná, ohun tẹ́ ẹ sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Tí nǹkan tí ò wúlò bá wà létí fọ́tò, ẹ gé e kúrò kẹ́ ẹ tó dín in kù. Kẹ́ ẹ sì fún èyí tẹ́ ẹ dín kù ní orúkọ míì, torí JPEG, irú fáìlì tí wọ́n sábà máa ń fi fọ́tò pamọ́ sí, máa ń pàdánù díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tẹ́ ẹ tún fi pamọ́, ohun tó bá sì ti lọ ò ní padà wá mọ́. Screenshot tó kún fún lẹ́tà ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní PNG, irú fáìlì míì tí kì í pàdánù nǹkan kan, lẹ́tà ẹ̀ á mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù fúnra ẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document, ìgbà yẹn odindi ẹ̀ ló máa lọ.

Tí fọ́tò bá pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹ má ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. IrfanView wà fún Windows, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lò ó nílé, ẹ ṣí Batch Conversion nínú ẹ̀, ẹ kó gbogbo fọ́tò síbẹ̀, ẹ sọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ yan fódà ọ̀tọ̀ tó máa kó wọn sí, kó má bàa gorí àwọn tẹ́ ẹ yà gan-an.