Ìbéèrè Yín Lórí Ìlera: Ṣé Iṣẹ́ Abẹ Ọmọdé Léwu Lọ́dọ̀ Wa Ju Ti Òkè Òkun Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n bí ọmọ-ọmọ mi láìní ihò ìdí, wọ́n sì ti la ojú sí i níkùn kí ó lè máa yàgbẹ́. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kejì, láti ṣí ihò ìdí gan-an fún un. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí a má gbà, pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í kú lọ́dọ̀ àwọn bí wọ́n ti ń kú lọ́dọ̀ wa. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Àgbà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Mà. Ìyàtọ̀ tí àbúrò ìyá ọmọ náà ń sọ wà lóòótọ́. Ní ọdún 2021, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ tí ó lé ní 3,800, tí a bí pẹ̀lú àbùkù ìfun tàbí ọ̀nà oúnjẹ, ní ọsibítù 264 ní orílẹ̀-èdè 74. Nínú 100 wọn, bíi 40 ló kú ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù, bíi 20 ní àwọn tó wà láàárín, níbi tí a ka Nàìjíríà sí, tí kò sì pé 6 ní àwọn tó lówó. Ti àwọn tí ìfun wọn tú síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo ló dùn mí jù: 9 nínú 10 ló kú ní ilẹ̀ tó tòṣì, nígbà tí kò pé 2 nínú 100 ní ilẹ̀ olówó.

Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru oníṣẹ́ abẹ. Ní ilẹ̀ olówó, àyẹ̀wò oyún sábà máa ń fi ìfun tó tú síta hàn kí a tó bí ọmọ, wọ́n a sì bí i síbi tí oníṣẹ́ abẹ wà. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń bí i tán kí a tó mọ̀, tí a ó máa gbé e láti ọsibítù kan dé òmíràn nínú òtútù, tí kòkòrò àrùn yóò sì ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó rí ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá tilẹ̀ yọrí sí rere, ìfun náà lè má gba oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oúnjẹ tí à ń fà sínú iṣan ni yóò sì gbé ọmọ ró, èyí tí ọ̀pọ̀ ọsibítù kò ní, bí wọn kò ti ní ẹ̀rọ tí ń bá ọmọ mí.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi iye wọ̀nyẹn díwọ̀n ọmọ-ọmọ yín. Ti ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọsibítù ni wọ́n. Tiyín ti la ìgbà náà kọjá, iṣẹ́ abẹ tó kù sì jẹ́ èyí tí ẹ lè múra dè. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti kọ̀ ọ́. Ẹ béèrè ẹni tí yóò kùn ún lóorun, àti bóyá ó ti mọ́ ọn lára láti kun ọmọ kékeré lóorun. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tí ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yóò wà lára rẹ̀ títí yóò fi jí, àti ẹni tí yóò ṣọ́ ọ lóru àkọ́kọ́. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ń lo ìwé àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2008, tí wọ́n ń kà sókè kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, àti kí ó tó kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí The Lancet yẹn fi hàn pé ikú pọ̀ sí i níbi tí wọn kò ti lò ó. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ náà, bí ó ti wù kí ọmọ sunkún tó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lọ́mú lẹ́yìn wákàtí tí wọ́n bá dá fún yín, torí pé wàrà lè gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lójú oorun. Bí ikọ́ tàbí ibà bá ń ṣe é, ẹ sọ fún wọn, kódà bí wọn yóò tilẹ̀ sún ọjọ́ náà síwájú.